Àgbàdo tí A Fún Lómi Mu

Ta ló yọ ṣùtì sí àgbàdo sísè yẹn? Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo rí ọ. Ojú mi ti di bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètè tó bá yọ síwájú nítorí oúnjẹ, mo ṣì lè rí i láti orí òkè. "Àgbàdo lánàá, àgbàdo lónìí," àbí? Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fi búrẹ́dì àti sàdínì tọ́, ẹ tẹ́ ẹní yẹn kí ẹ jókòó, kí n sọ fún yín bí àgbàdo yìí ṣe wọ ilé wa. Kì í ṣe pé mo ń bá yín jà o. Inú mi dùn ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ rí àgbàdo nínú oṣù yìí, nígbà tí iṣu tuntun kò tí ì jáde, tó sì ní òun kò jẹ, Ọlọ́run ti ṣe tiẹ̀ fún un.

Láti Soclogbo ni wọ́n ti gbé mi wá fẹ́ ọkọ ní Gbaffo níbí. Kò tí ì pẹ́ nígbà náà tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, Dàhòmì ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa. Ohun tó máa ń jí èèyàn láàárọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe alùpùpù. Odó ni. Ìyá kan á sọ ọmọ odó rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, gbì! Òkè á dá a lóhùn, gbì! Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí gbogbo agbo ilé bá ń gún iyán pọ̀, wàá rò pé àwọn kan wà nínú àpáta tí àwọn náà ń gún tiwọn. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sọ ọmọ odó sílẹ̀, mo sá wọlé. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, jáde wá. Òkè ni. Ó ń kí ọ ni."

Ìyá ọkọ mi yìí, èèyàn kúkúrú ni, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Tó bá bú ọ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á bu nínú oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo rẹ. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Bàbá ọkọ mi ni mo bẹ̀rù. Baba ga, ó gbẹ, kò sí eyín kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo agbo ilé á pa rọ́rọ́. Òun ni àgbà ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ni òfin iṣu tuntun wà.

Ẹ ò mọ òfin náà. Níbo lẹ ó ti mọ̀ ọ́n? Láyé òde òní, tí iṣu tuntun bá ti ta, kí ojú tó mọ́, ó ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dassa, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Kùtọnú ń dúró rà á, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Láyé ìgbà tiwa, nínú ilé yìí, kò sí oúnjẹ tuntun kankan, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe àgbàdo, ìbáà ṣe ẹ̀wà, tó gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò kí Baba tó gbé iṣu tuntun lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ọjọ́ náà dùn! A ó ti gbá gbogbo ìta, a ó ti fọ ìkòkò títí inú rẹ̀ á fi máa dán. Baba á ró aṣọ funfun, á gbé iṣu lérí, á lọ. Tí a bá ti rí i tó ń bọ̀, àwa obìnrin á figbe ayọ̀ ta. Òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Tó bá ti gbé òkèlè kan mì, ariwo á sọ, odó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Àwọn ọmọdé á jẹ títí wọn kò fi ní lè dìde, àwọn ọkùnrin á mu ọtí sódàbì títí àwọn náà kò fi ní lè dìde.

Ẹni tó bá jẹ ṣáájú Baba ńkọ́? Wọ́n ní kì í ṣe òun gan-an ni ìbínú òkè máa ń mú. Ọmọ ọwọ́ tó wà nílé rẹ̀ ló máa ń mú. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú dáadáa, nítorí òun ló dé bá mi. Èmi ti ṣe ìrìbọmi o, mo ti ń gba ara Olúwa láti Soclogbo. Mísà ni mò ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ Ajé bá mọ́, tí mo bá gbójú sókè tí mo rí òkè yẹn tó dúró gàgàrà, ẹ̀rù rẹ̀ á tún bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó bá ní òun kò rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Àgbàdo tí à ń gbìn tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ń yọ ṣùtì sí yìí. Tiwa àtijọ́ ga. Ọkùnrin á wọ inú oko rẹ̀, a ò ní rí fìlà rẹ̀ mọ́. Ó dùn ju èyí lọ pẹ̀lú, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì fẹ́ràn òjò ju bí òjò ṣe fẹ́ràn wa lọ. Tí òjò bá pẹ́ díẹ̀, á ti máa ká ewé. Tó bá pẹ́ sí i, ó tán nìyẹn. Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa yìí: òkúta lókè, òkúta nísàlẹ̀, omi kì í jókòó síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Dassa. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìjọba fi rán an, mọ́nítẹ̀ ni a máa ń pe irú wọn. Ọmọ Kpingni ni, èdè wa ló ń sọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná lẹ́nu rẹ̀, Faransé ló máa ń bọ́ síta. Ó kó irúgbìn àgbàdo kan wá nínú àpò. Ó ní kì í pẹ́ gbó, ó sì lè fara da ọ̀dá. Àwọn àgbà gbà á, wọ́n yí i wò lọ́wọ́. Hóró rẹ̀ kéré. Baba bi í pé, "Ṣé ìyá àgbàdo nìyí ni àbí ọmọ rẹ̀?" Gbogbo ìta bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan, bàbá yín àgbà, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa gbìn ín. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, gbogbo ohun tuntun ló máa ń wù ú. Àbí kí lẹ rò pé ó wá gbé e dé Soclogbo?

Baba ní kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ilẹ̀ gidi. Ó fún un ní ilẹ̀ ẹ̀yìn àpáta, níbi tí ọkọ́ ti máa ń ké ṣan-ṣan lórí òkúta. Mọ́nítẹ̀ mú okùn jáde, ó ní kí a ta á láti ìkangun dé ìkangun kí àgbàdo lè tò gbọọrọ. Ìyá ọkọ mi bi í pé, "Ṣé ilé ìwé ni àgbàdo náà ń lọ ni?" Bí wọ́n ti ta okùn tán báyìí ni ewúrẹ́ Ìyá sáré gba àárín rẹ̀, okùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ wọ igbó. Mọ́nítẹ̀ sá tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan jókòó sẹ́yìn lórí ebè. A rí okùn gbà, a tún un ta, ṣùgbọ́n ilà kan wọ́ ṣáá ni títí àgbàdo fi hù. Ẹ̀rín tí a rín gbẹ̀yìn nìyẹn kí ọ̀dá tó dé.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, ó tàn wá jẹ. Gbogbo àgbẹ̀ gbìn. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí ìkùukùu kan tó tó aṣọ ìnujú. Àgbàdo gíga wa á ká ewé lọ́sàn-án, á tẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ tí kò tẹ́ ẹ mọ́. Iṣu wà nínú ebè, ṣùgbọ́n tí o bá fi ìka wú ilẹ̀ wò, kò ju àtàǹpàkò lọ. Omi tí à ń pọn nínú ihò àpáta gbẹ débi pé igbá kékeré la fi ń ha á. Obìnrin á kọrí bọ inú ihò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí níta, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á sì máa bú u pé ó pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn sí pọ́ǹpù pé ó ń ro yín lápá, mo máa ń gbọ́ yín o.

Ohun tí a lè tà, a kó o lọ sí ọjà Dassa, a fi gba ọkà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò mùsùlùmí ibẹ̀, títí ohun tí a lè tà fi tán. À ń ṣa èso igi òrí nínú igbó jẹ. À ń po ìyẹ̀fun inú èso irúgbá mọ́ omi mu. Ìyá kò sì fẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ pé àká wa ti ṣófo. Láàárọ̀, á ní, "Ìyàwó, gún odó." Kí ni n ó gún? Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ni. N ó máa gún un, òkè á máa dáhùn, odó ìdílé kejì náà á máa dún. Ó pẹ́ kí n tó fura pé odó ń dún káàkiri, ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ kan kò ti ibì kankan wá. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wa ń gún. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá, ó ní, "Gún un kíkankíkan, kí tiwa lè dún ju tiwọn lọ."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ ní rírín. Nígbà náà kò pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí àsìkò yẹn gan-an ni mo bímọ. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí kò dúró, ibà ló gbé e lọ kó tó mọ ìrìn. Nítorí náà, èyí tó dé yìí, n kì í gbé e sílẹ̀. Ọmú mi kún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ọmọ á fà á, á fà á, á tú u sílẹ̀, á máa wò mí lójú. Ó kọ́kọ́ ń ké. Nígbà tó yá, ó ń kùn. Nígbà tó tún yá, kò ké mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ó bímọ lọ́la: ọmọ tó ń ké kì í bani lẹ́rù. Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ sá tọ̀ lọ.

Lẹ́yìn àpáta ńkọ́? Àgbàdo aràrá tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn dúró. Lórí òkúta níbẹ̀, ó dúró. Ó ká ewé díẹ̀ lọ́sàn-án bí ẹni tó ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò kú. Ó yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n. Wàhálà wa sì dé. Àgbàdo wa àtijọ́ àti iṣu tuntun ló jọ máa ń dé, òfin Baba kò ni wá lára rí. Èyí ló sáré, ó gbó nígbà tí iṣu kò ju àtàǹpàkò lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iṣu náà yóò ta lọ́dún yẹn rárá. Oúnjẹ wà lóko wa, ebi ń pa wá nílé, a kò lè fẹnu kàn án. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ọkọ mi bẹ Baba. Baba ní, "Iṣu kò tí ì dé." Ó tún bẹ̀ ẹ́. Baba ní, "Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, ta ni yóò dáhùn? Ìwọ àbí èmi?" Ni ọkọ mi bá fà mí lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a lọ sẹ́yìn àpáta. Ó ya àgbàdo kan, ó bó o, ó nà án sí mi.

"Jẹ ẹ́."

"N kò jẹ."

"Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

"Tí mo bá jẹ ẹ́ tí ọmọ bá kú ńkọ́?"

"Tí o kò bá jẹ ẹ́, ṣebí yóò kú náà ni!"

Bó ti sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Èmi ń wo àgbàdo náà. Itọ́ kún ẹnu mi. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, kò wúwo ju ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́n lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bínú lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú sí Baba, mo bínú sí òkè, mo bínú sí àgbàdo tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mo bínú sí ọkọ mi tó gbìn ín. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ wọ inú tèmi lé ebi lórí. N kò jẹ ẹ́. A gbẹ́ ihò, a sin àgbàdo náà bí ẹni tó sin òkú, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Kò pẹ́ sí i ni mọ́nítẹ̀ tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Òógùn bò ó, ó jókòó lábẹ́ igi. Ìyá wọlé lọ bu omi fún un. Bí omi ti wọ́n tó yẹn, ó bù ú kún igbá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un, nítorí ní ilẹ̀ wa, a kì í bi àlejò ní nǹkan kan kó tó mumi. Ẹ̀yin ìsinsìnyí, àlejò kò tí ì jókòó lẹ ti ń bi í pé, "Kí lẹ bá wá?" Ìwà yẹn kò dára. Mọ́nítẹ̀ ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu ìyókù. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo gba ẹ̀yìn àpáta kọjá. Àgbàdo yín ti gbó, ó ti fẹ́ máa gbẹ. Kí ló dé tí ẹ kò tí ì ya á?"

Baba ló sọ ọ̀rọ̀ òfin iṣu fún un. Mọ́nítẹ̀ fò dìde. Faransé tú jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú Ìdáàṣà, èdè wa, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni pé, "Papa, ọmọ ìkókó wà nílé yìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ iṣu!"

Baba wò ó. Mo rò pé yóò lé e. Ohùn kékeré ni Baba fi dá a lóhùn, irú èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ọmọ náà kò ké mọ́ ni? Ògiri kan ló wà láàárín yàrá mi àti ti ìyá rẹ̀. Mo máa ń dúró kí n gbọ́ ọ. Ọmọ méjì ló bọ́ lọ́wọ́ èmi náà nílé yìí. Mo fẹ́ kí èyí yè ni mo ṣe di òfin mú."

Áà! Gbogbo ìbínú tí mo ní sí baba yẹn, ibẹ̀ ló ti yọ́ dànù. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ló ń dẹ́rù ba òun náà. Ìyá ló kọ́kọ́ wúkọ́, irú ikọ́ tó máa ń wú tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Baba ilé, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Àgbàdo ẹ̀yìn àpáta yìí, ṣé òkè wa ló fún wa?"

"Rárá. Ọkùnrin yìí ló gbé e wá."

"Lọ́jọ́ tó gbé e wá, mo fún ọkùnrin náà lómi. Àgbàdo tó bá a wá ńkọ́, ta ló fún un lómi?"

"Ẹrù ni. Ẹrù kì í mumi."

"Àgbàdo kì í mumi kẹ̀? Kí ló wá pa tiwa?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ Ìyá, ó yí ojú sí mọ́nítẹ̀, ó wo igbá omi tó ṣófo nílẹ̀. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀! Bí ẹni tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri tó wá bá a lápò ara rẹ̀. Ó gbá itan.

"Àlejò ni!" ó ní. "Láti ìgbà òjò àkọ́kọ́ ló ti wà lọ́dọ̀ wa, a kò kí i, a kò fún un lómi, a ń pè é ní ti wa. Kì í ṣe ti wa. Oúnjẹ ilé yìí ni òfin òkè wà fún. Ohun tí àlejò bá gbé wá, ọjọ́ tó bá dé là ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ó ti bú àlejò." Ó wá kọjú sí ọkọ mi, ó pariwo: "Kí lo ń wò? Lọ pè é wọlé!"

Ọkọ mi kò rìn lọ, ó sáré. Ó kó àgbàdo dé lọ́wọ́ méjèèjì, Ìyá sì ti tẹ́ ẹní àlejò, èyí tó dára. Wọ́n tò wọ́n sórí rẹ̀. Baba fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ta á sórí àgbàdo náà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má bínú sí wa, a kò tètè kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ rìn?"

Baba gbójú sókè wo mọ́nítẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo mú wọn wá? Bá wọn dáhùn." Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ló bá rí mi pẹ̀lú ọmọ tó sùn lọ lórí èjìká mi. Ó ṣí fìlà, ó fi í sí àyà.

"Àlàáfíà la rìn, Papa."

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ní kí a kí yín."

"Kí lẹ mú wá fún wa?"

"Oúnjẹ ni."

"A dúpẹ́," Baba ní. "Ẹ dáná."

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ? Òfin wà, òfin kò sí, Baba ṣáà ni àgbà, kò sẹ́ni tó lè jẹ ṣáájú rẹ̀. Àgbàdo náà sì ti gbó, bí wọ́n ti sun ún ló túbọ̀ le. Baba aláìléyín sọ hóró kan sẹ́nu. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Gbogbo wa yí i ká, à ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ikùn ọkọ mi dún, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyá kò lè mú un mọ́ra, ó ní, "Baba ilé, ẹ gbé e mì bí òògùn, àwọn èèyàn fẹ́ kú!" Baba gbé e mì. Ó há a lọ́fun. Ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ọwọ́ sókè. Mo ní, "Òkè ti dáhùn! Mo gbé!" Mọ́nítẹ̀ gbá a lẹ́yìn, gbì, gbì. Ni Baba bá mí kanlẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀. Ó wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó le," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó dùn."

Ariwo tí a pa lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní abúlé kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́, Baba mú àgbàdo tó tóbi jù, ó ní, "Ìyàwó, máa bọ̀." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. N kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu, mo kàn mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúkù rẹ̀, Ìyá ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Àwọn aládùúgbò tó ń gún èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́ ariwo, wọ́n dé. A fún wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá tọrọ irúgbìn, Baba kò sì fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ sọ bí wọn ó ṣe fún un lómi. Nígbà tó yá, ó ní àlejò tó bá ti sùn nínú àká wa títí ọdún fi yí po, ó ti di ọmọ ilé. Òun náà ló mú un lọ kí òkè, tó sì wá fún un ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣáájú ti iṣu. Ọjọ́ àgbàdo dùn bí ọjọ́ iṣu fún ọdún púpọ̀. Lónìí, kò sí èyí, kò sí tọ̀hún. Ẹ̀rọ ló ń lọ àgbàdo, odó mélòó ló kù nílé yìí? Ó máa ń dùn mí tí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò gbọ́ nǹkan kan láti ara òkè. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé ayé àtijọ́ ló dára jù. Mo gún èèpo ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń pọ́n ọn lé, kó lọ gún tirẹ̀.

Ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ẹ ti gbé àgbàdo sílẹ̀ lọ́wọ́. Ọmú kì í dé lóòjọ́. Ìyá lọ àgbàdo náà, ó ro ó, ó ń fún mi ní ògì gbígbóná láàárọ̀, lọ́sàn-án, tí mo bá ní mo ti yó, á bú mi títí n ó fi mu ún tán. Ọmọ ń fà, kò rí nǹkan, ó dákẹ́. Ọjọ́ ń lọ, ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ kan, mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, mo rí i pé iwájú aṣọ mi tutù. Mo rò pé omi ló dà sí mi lára. Mo fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe omi. Mo ju ìgbálẹ̀ nù, mo gbé ọmọ, mo fi ọmú sí i lẹ́nu. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, wàrà tú sí i lọ́fun, ó gbà á nímú, ó pá a lórí. Ó tú ọmú sílẹ̀, ó fẹ imú, ó ya ẹnu. Ó ké! Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìyá jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, ó rò pé nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Èmi náà, bí ìyá ọlọ́mọ ṣe máa ń ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sókè, mo ń bẹ̀ ẹ́: má ké mọ́, ọmọ mi, dákẹ́, dákẹ́.

Ni ohùn Baba bá ti ẹ̀yìn ògiri wá.

"Ta ló ń sọ fún un pé kó dákẹ́? Ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó ké. Mo ń gbọ́ ọ."